Lẹ́tà sí Bàbá mi àgbà, akọ̀wé ayé òyìnbó

Bàbá mi,

Lálẹ́ àná ni mo wo fíìmù kan tí mi ò fi rí oorun sùn, torí ẹ̀yin ni mo ń rí níbẹ̀. Mister Johnson lorúkọ ẹ̀, Bruce Beresford ló darí ẹ̀, 1990 ló jáde, orílẹ̀-èdè wa níbí ni wọ́n sì ti yà á. Ọ̀gá Hubert Ogunde pàápàá wà níbẹ̀, ọdún yẹn náà ló kú, bí mo ṣe rí ojú ẹ̀ ni omi bọ́ lójú mi.

1923 ni ìtàn yẹn, lókè Ọya. Akọ̀wé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ni Johnson, kóòtù funfun, àkẹtẹ̀ òyìnbó, gbèsè dé ọrùn, ó sì ń pe ìlú ọba ní ilé bẹ́ẹ̀ kò débẹ̀ rí. Ajẹ́lẹ̀ fẹ́ la títì, owó tán, Johnson ló wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe máa yí owó ibòmíì sí i nínú ìwé. Nígbà tí títì parí, ajẹ́lẹ̀ ṣì ni ajẹ́lẹ̀, Johnson ò níṣẹ́ mọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti dá a dúró tí mo lọ gbé búkù yín jáde nínú àpótí, èyí tẹ́yìn ẹ̀ pupa yẹn. Pọ́n-ùn 13 àti sísì, ẹ fi tàdáwà fàlà sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá kọ ọ́ wínníwínní sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé "ọ̀gá ló ní". Gbogbo ilé ló ń sọ pé ẹ kówó ìjọba jẹ ni wọ́n ṣe lé yín, èmi náà fi bú yín lọ́jọ́ kan, ọmọ ọdún 14 ni mí, ẹ kàn wò mí, ẹ ní "ọ̀gá ló ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀", ẹ sì padà sídìí rédíò yín. Mi ò gbà yín gbọ́.

Mi ò sọ pé Johnson ò jẹ̀bi o. Ó jalè, ó pa Gollup onísọ́ọ̀bù, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi ṣe é. Àmọ́ ta ló ń gun títì yẹn? Nígbà tí wọ́n dájọ́ ikú fún un, ó ń bẹ ajẹ́lẹ̀ pé kó má so òun kọ́, kó fọwọ́ ara ẹ̀ yìnbọn pa òun, bí ẹni ń tọrọ ẹ̀bùn lọ́wọ́ bàbá ẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ sì ṣe é. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé ó ṣì fẹ́ràn ẹ̀.

Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Búkù yẹn ti wà nínú báàgì mi, Sátidé tí ẹbí máa pé jọ, èmi ni mo máa ka ojú ìwé yẹn sókè fún wọn.