Ẹ Jẹ́ Kí Ẹsẹ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́kọ́ Lànà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Pátákó "Má gba orí koríko" ti pọ̀ jù nínú ọgbà àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n bá rì í mọ́lẹ̀ sí gan-an ni ilẹ̀ ti máa ń pá bí orí arúgbó. Olórí kunkun kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó la ọ̀nà ló là á síbi tí ẹnikẹ́ni ò ń lọ. Àgbà ní kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n láàárín họ́sítẹ́ẹ̀lì àti gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó ti pẹ́ fún kíláàsì aago mẹ́jọ á rí i ni.

Tí ilé tuntun bá parí, ẹ má tíì to bíríkì íntálọ́kì sí àyíká rẹ̀. Yangí ni kí ẹ dà síbẹ̀ fún ọdún ẹ̀kọ́ kan, kí ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lànà fún wa, kí òjò sì rọ̀ sí i, torí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè jẹ́ ojú àgbàrá. Kí àwọn òṣìṣẹ́ ka iye èrò tó ń kọjá láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kí wọ́n fa ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sórí máàpù. Ìgbà náà ni ká tó sọ̀rọ̀ bíríkì.

Èèyàn méjì tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nílò mítà kan ààbọ̀. Ọ̀nà ńlá láti họ́sítẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mítà 3. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó pàdé ara wọn á máa yà sórí ilẹ̀, etí ọ̀nà á sì máa wó.

Ibi iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn agbaṣẹ́ṣe ti ń rẹ́ wa jẹ. Ẹ kó ilẹ̀ dúdú orí kúrò, nítorí ó máa ń rì. Ẹ da yangí tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi ẹ̀rọ kì í dáadáa. Ẹ wá tẹ́ iyanrìn sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 lé e. Bíríkì sẹ̀ǹtímítà 6 tó fún ẹlẹ́sẹ̀; ibi tí ọkọ̀ bá ti máa dá a kọjá, 8 ni. Kọnkéré etí ọ̀nà, lọ́tùn-ún lósì, kì í hàn nínú fọ́tò ọjọ́ ìṣíde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fò ó. Láìsí i, bíríkì á máa yà síra, iyanrìn á bá òjò lọ, ọ̀nà á wá dà bí ẹnu tí eyín rẹ̀ ti ká. Kí ọ̀nà ga ju koríko lọ, kó sì dagẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, sẹ̀ǹtímítà 2 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gọ́tà la ṣe. Tí àtẹ̀gùn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara máa gbà gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 1.8. Èyí tí kò ju ìdajì mítà lọ tí a ń rí káàkiri, páńpẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kù. Nígbà tí Arieh Sharon, ayàwòrán ilé ọmọ Ísírẹ́lì, ya àwòrán ọgbà yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, ó gbé àwọn ilé Humanities (ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè, ìtàn àti àṣà) lé òpó, ó fi abẹ́ wọn sílẹ̀ gbayawu, kí èrò àti afẹ́fẹ́ lè rí ibi gbà. Lónìí, àlàfo tó bá wà láàárín fákọ́tì méjì, báǹkì ló ń gbà á, tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Kí àwọn tó ń pín ilẹ̀ ọgbà máa fi ojú páìpù omi wo ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀: a kì í kọ́lé lé e lórí. Etí ọgbà ni kí ibi ìgbọ́kọ̀sí wà. Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ àti ti fọ́tòkọ́pì lè wà lẹ́bàá ọ̀nà, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi mítà 2 sẹ́yìn sí kọnkéré etí rẹ̀, nítorí àwọn oníbàárà tó tò náà gbọ́dọ̀ rí ibi dúró.

Oníṣẹ́ ètò ìlú kan,
Ìbàdàn.