Ẹ má lé ọmọ tó ya onílù yẹn

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òǹkàwé kan kọ̀wé sí yín pé kí ẹ lé ọmọ tó ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún yín, pé onílù tó yà kò jọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ogójì ọdún ni mo fi kọ sáìnbọ́ọ̀dù ní Mọ́kọ́lá kí ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Bí ẹ bá sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé ohun tó yà kò jọ nǹkan kan, ibo lẹ ní kó tún ṣe?

Ẹ̀fẹ̀ ọmọ yìí dùn. Onílù gbé ìyáàlù kọ́rùn, ó so ẹ̀rọ POS mọ́ ọn níbi tó yẹ kí saworo wà, alágbádá wá ń wá káàdì káàkiri ara. Nígbà tí òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ti sọ pé ẹni tó bá fọ́n náírà lóde àríyá lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù 6 jura, ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Ikùn alágbádá yẹn ló kọ́kọ́ wọ inú àwòrán kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Àsọdùn nìyẹn, iṣẹ́ ẹ̀fẹ̀ sì ni.

Ti ìlù kì í ṣe àsọdùn. Nínú àwòrán náà, èjìká ọ̀tún ni àgbékọ́ wà, ọwọ́ ọ̀tún ló ń fún ọsán, ìyẹn okùn awọ ara ìlù, ọwọ́ òsì ló di kọ̀ǹgọ́, igi tí a fi ń lù ú, mú. Òdìkejì rẹ̀ ló yẹ kó jẹ́. Mo ní bóyá ọlọ́wọ́ òsì ni. Mo wá wo alágbádá: àpò agbádá rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, aago rẹ̀ náà wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ̀rín pa mí. Ọmọ yìí ti yí àwòrán bíi ti inú dígí, ó gbàgbé láti dá a padà! Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi ní dígí kan tó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí a bá ya orí ènìyàn tán fún onígbàjámọ̀, a ó gbé bọ́ọ̀dù náà kọjú sí dígí, imú tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó bá wọ́ á sì hàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni. Ọmọ mi, máa lò ó, ṣùgbọ́n dá a padà kí o tó fi ránṣẹ́.

Kọ̀ǹgọ́ tó yà tún tọ́ ṣánṣán bíi rúlà, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹgọ́ ìyáàlù máa ń tẹ̀ lórí ni. Ó sì we ọsán yí ìlù ká bí ẹni di igi ìdáná. Láti ojú awọ kan sí èkejì ni ọsán ń lọ. Kó lọ jókòó ti onílù kan fún wákàtí kan, kó fi pẹ́ńsù ya ìlù náà, kó tó fọwọ́ kan tábúlẹ́ẹ̀tì.

Lára ògiri ṣọ́ọ̀bù wa nígbà náà, a lẹ àwòrán Akínọlá Láṣekàn mọ́ ọn, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹ̀fẹ̀ fún ìwé ìròyìn West African Pilot ní 1944, tó ń fi “Lash” buwọ́ lu iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá mi a máa fi ìka tọ ìlà rẹ̀, á ní ká wo ibi tó ti nípọn àti ibi tó ti tín-ín-rín. Ìlà ọmọ yìí, bákan náà ni gbogbo wọn láti ìka ọwọ́ onílù dé ògiri ẹ̀yìn. Ojú kò mọ ibi tí yóò bà sí. Kó sọ àwòrán náà di kékeré bíi sítáǹbù, kó wò ó bóyá onílù á ṣì yọ.

Ti àwọ̀ kò le. Agbádá búlúù tó tàn yòò lórí fóònù ọmọ mi ti di eérú nínú ìwé ìròyìn. Ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń ṣe àwọ̀, tàdáwà 4 ni ilé ìtẹ̀wé ń lò. Kó máa tẹ ẹyọ kan wò ná.

Èyí tó kù, ẹ̀yin náà ló kàn, Olóòtú. Lẹ́nu ìyáàlù, wọ́n kọ “OWO DA” láìsí àmì kankan. Ọmọ-ọmọ mi kà á sókè pé “Ọ̀wọ̀ dà?” Ó ní inú ń bí onílù pé wọn kò bọ̀wọ̀ fún òun. Owó ló ń béèrè! Ìlù kò ní lẹ́tà, ohùn nìkan ló ní. Ẹ wá fún un ní lẹ́tà, ẹ gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀. (Àwọn onílù á ní “owó” àti “ọwọ́” kò yàtọ̀ lórí awọ. Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.)

Dígí ọ̀gá mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí ọmọ náà bá gba Mọ́kọ́lá kọjá, kó yà kí mi, kó mú tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dání. Mo fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń pa àṣìṣe rẹ́ láìsí kẹrosíìnì.

Èmi ni,
Bàbá Átíìsì,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.