Lẹ́tà sí Tòkunbọ̀: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Jẹ ọ́ ní Gbèsè ní Ìta Tinúbú

Tòkunbọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Ṣé ẹ délé láyọ̀? Nígbà tí o bi mí ní Ìta Tinúbú lọ́jọ́ yẹn pé kí ni Yorùbá ń pe ohun tó bá ti pẹ́, èsì tí mo fún ọ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Oòrùn ń pa mí, àwọn onídánfó ń fọn fèrè sí wa létí, ni mo bá sọ pé "àtijọ́" ni kí o máa pe gbogbo ohun tó bá ti pẹ́. Mo wá gbọ́ pé "Àǹtí àtijọ́" lò ń pè mí báyìí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Àtijọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà. Tí Ìyá àgbà bá ti ní "láyé àtijọ́", ọ̀rọ̀ mólúè ló kàn, bẹ́ẹ̀ mólúè yẹn lèmi náà wọ̀ lọ síléèwé. Láéláé ló jìnnà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo wọn, torí pé ojú méjì ló ní. Májẹ̀mú Láéláé inú Bíbélì, ẹ̀yìn ló ń wò. Ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ bá ní àwọn ò ní ta ilẹ̀ Ìkòròdú láéláé, iwájú nìyẹn. Ibi tí ojú ò tó lẹ́yìn, ibi tí ojú ò tó níwájú, orúkọ kan náà la sọ wọ́n.

Gbó ńkọ́? Aṣọ tó gbó di àkísà. Síbẹ̀, nígbà tí o dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá àgbà kí wọ́n tó lọ, "o ó gbó, o ó tọ́" ni wọ́n wí. Ògbólógbòó ni kí o má fi pe àgbà kankan o! Olè ni àwọn oníwèé ìròyìn máa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pè.

Orúkọ tìẹ náà kò gbẹ́yìn. Òkè òkun la ti bí ọ, la fi ń pè ọ́ ní Tòkunbọ̀. Èkó wá gba orúkọ náà, wọ́n fi ń pe mọ́tò àti fíríìjì tí òyìnbó ti lò sẹ́yìn. Nígbà tí ẹni tó ń ta fíríìjì pariwo ẹ̀, o dáhùn. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ibi tí a dúró sí ní Ìta Tinúbú, ilé Àgùdà kan, irú èyí tí àwọn tó ti Brazil padà wálé máa ń kọ́, wà níbẹ̀ rí, Ilojo Bar ni wọ́n ń pè é, tí wọ́n kọ́ ní 1855. Ní 1956, ìjọba kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ńlá: ohun tó bá ayé ṣẹ̀! Ilé tí kò tíì pé igba ọdún ò bá ayé ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ka ọdún, ẹ má fọwọ́ kàn án ló ń sọ. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o. Àwọn kan ní ó ti gbó jù. Gbó yẹn náà ni o, kì í ṣe èyí tí Ìyá àgbà fi súre.

Láàárọ̀ yìí, oníkóńdẹ́mù kan, àwọn tó ń ra irin àlòpatì, kọjá níwájú ilé wa, ó ń ké "kóńdẹ́mù, kóńdẹ́mù". Bàbá rẹ sì ti fi fóònù sọ pé kí n gbé àpótí irin Ìyá àgbà fún un. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé kò sí irin nílé wa. Sányán méjì ló wà nínú àpótí náà, pẹ̀lú rìsíìtì owó orí bàbá àgbà, tí kòkòrò ti jẹ létí. Orúkọ tí o bá fẹ́ kí á máa pe àpótí náà, tètè kọ ọ́ ránṣẹ́. Ọ̀la ni ọkùnrin yẹn ní òun ń padà bọ̀.

Àǹtí rẹ,
Èkó