Àbẹ̀kẹ́, ìjà orúkọ ń bẹ nílẹ̀ o

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà ń bẹ, a dúpẹ́. Màmá ti ń fi ọ̀pá rìn, àbúrò mi bí obìnrin, owó ọkọ̀ tún ti gbówó lórí. Ó tán. Jẹ́ n sọ èyí tí inú mi ò gbà mọ́.

Iléèwé wa fẹ́ pa orúkọ háùsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dà. Pupa, Búlúù, Yẹ́lò àti Gírìnì ti sú wọn. Ọ̀gá wa ní obìnrin tó tún Ìbàdàn ṣe ni kí á fi sọ wọ́n, wọ́n sì yàn mí sí ìgbìmọ̀. Inú mi dùn, ó kù díẹ̀ kí n jó.

Ti Olóyè Wúràọlá Esan ò le rárá. Ẹni tó dá iléèwé ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Mọ́lété ní 1944, tó di obìnrin àkọ́kọ́ nílé aṣòfin àgbà ní 1960, tó tún jẹ Ìyálóde ní 1975, ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Ti Ìyá Hinderer, ìyàwó míṣọ́nárì ayé àtijọ́ yẹn, ẹnì kan kùn pé òyìnbó ni. Mo ní ṣebí ọ̀dọ̀ wọn ní Kúdẹtì ni Olóyè Olúńlọ́yọ̀ọ́ fi àwọn ọmọ ẹ̀, Yéjídé àti Akínyẹlé, sí kí wọ́n lè kàwé. Ó dákẹ́.

Ti Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn láyé ogun, ló dá ariwo sílẹ̀. Tíṣà kan ní, "Ẹni tó kó ẹrú jọ bẹ́ẹ̀, ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké máa fi orúkọ ẹ̀ kọrin lọ́jọ́ eré ìdárayá?" Mo ní ẹni yẹn náà ló ń kó ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun láwìn. Nígbà tó ní òun ò ṣe mọ́, wọ́n kó ẹ̀sùn bá a, Àrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, gba oyè lọ́wọ́ ẹ̀ ní 1874, wọ́n sì pa á lọ́dún náà. Ère ẹ̀ ṣáà wà ní Challenge tí gbogbo mọ́tò ń yí i po. Tíṣà náà ò purọ́, èmi náà ò purọ́, a sì ń pariwo mọ́ra wa.

Ibẹ̀ ni Ìyá Ẹgbẹ́ Òbí ti dìde. Wọ́n gbé ẹnfílọ́ọ̀pù sórí tábìlì, wọ́n fi ọwọ́ nù ún bíi pé eruku wà lára ẹ̀. Wọ́n ní ṣé òkú nìkan ló ń tún ìlú ṣe ni? Ta ló kọ́ ilé ìyàgbẹ́ fún àwọn ọmọ? Wọ́n ní kí á yọ Alhaja Húmùánì Alaga, "àwọn ọmọ ò kúkú mọ̀ wọ́n," kí á fi orúkọ àwọn síbẹ̀. Ọ̀gá wa ń wo ẹnfílọ́ọ̀pù. Èmi ń wo àjà.

Alhaja Alaga kẹ̀! Aláṣọ Gbági tí kò jókòó ní kíláàsì rí, tó kó àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ sòdí títí Isabatudeen Girls' Grammar School fi ṣí ní 1964, kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láìfi ẹ̀sìn ẹ̀ sílẹ̀. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ọ̀kan nawọ́: "Màá, tí wọn ò bá mọ̀wé, ta ló ń bá wọn ka lẹ́tà tí gọ́mìnà bá kọ?" Mo rẹ́rìn-ín, mi ò rí èsì. Ìyá àgbà yín ì bá dá a lóhùn.

Wàyí o, o ti mọ Ìyá Ẹgbẹ́ Òbí tí mò ń sọ. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ mélòó ni gèlè ẹ̀ ga débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn ò ní rí pásítọ̀? Ẹ̀gbọ́n ẹ ni, jàre. Má bínú sí mi. Wọ́n ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kí n máa ṣọ́ ẹnu mi, àsìkò yìí gan-an ni wọ́n sì ń tún ìwé iṣẹ́ wa ṣe. Tí wọ́n bá lé mi, àkàrà ni màá wá máa dín lẹ́nu ọ̀nà ẹ níbẹ̀ yẹn, wáá bá mi wá agbada sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ìyá mi, bá mi pè wọ́n. Ìwọ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tìẹ. Má sọ pé mo kọ̀wé o! Ìyá àgbà ni kí o fi bẹ̀rẹ̀: ṣé wọ́n rántí owó tí Ìyá ń dá pẹ̀lú àwọn aláṣọ yẹn? Fọ́tò ankó wọn, èyí tí Ìyá dúró sí ìlà kejì tí wọ́n di ojú, ọ̀dọ̀ ẹ ló wà. Yà á, fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, yà ẹ̀yìn ẹ̀ pẹ̀lú torí orúkọ àwọn yòókù wà níbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ la máa dìbò. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó di Ọjọ́rú lálẹ́.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́ ẹ