Rẹ́mi, bá mi wá ohùn Màmá

Rẹ́mi ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn Ìbejì ńkọ́? Túnjí ti wọ yunifásítì, a sì ti tún òrùlé ilé kàn. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló mú mi gbé bírò.

Mo lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Jọ̀ọ́, má pariwo. Kí n tó padà délé ni ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ẹgbẹ́ akọrin wa, ojú tí wọ́n sì fi ń wò mí ń dùn mí.

Láti ọjọ́ tí a ti sin Màmá, omi kan ò bọ́ lójú mi. Ẹni ọdún 81 ni, gbogbo ayé ní òkú àgbà kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀. Wọ́n ní kí n jó, mo jó. Mo náwó fún onílù, mo pín ike fún àlejò. Nígbà tó di oṣù kẹta, oorun dá lójú mi. Bí mo bá wo dígí, àlejò ni mò ń rí. Mo gbààwẹ̀, pásítọ̀ gbàdúrà fún mi, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohun tí mo sọ nù.

Àbúrò mi ló ní ká jọ lọ. Ẹni tó mú wa yí igbó ká sọ ìtàn Àdùnní Olórìṣà fún wa, òyìnbó ará Austria tó dé Nàìjíríà lọ́dún 1950. Ikọ́ fée fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Ẹ̀yìn àìsàn náà ló bá Àjàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, pàdé ní Ẹdẹ, tó fi di ọmọ Ọbàtálá, Òṣogbo ló sì kú sí lọ́dún 2009. Lẹ́yìn àìsàn yẹn, ara rẹ̀ yá, ó sì mọ ẹni tí òun jẹ́. Ìyẹn ló wọ̀ mí lára jù.

Létí odò, ìyá àgbà kan aláṣọ funfun bi mí pé, "Kí ni oríkì rẹ?" Mo ní Àṣàkẹ́.

"Àṣàkẹ́, ta ló ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Rẹ́mi, mi ò rí èsì fọ̀. Màmá nìkan ni. Ìyá Túnjí ni mí nílé, màdáámù ni mí níbi iṣẹ́. Ọjọ́ tí a sin Màmá la sin Àṣàkẹ́ mọ́ ọn, mo sì ń jó lórí rẹ̀. Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi, mo ké títí ohùn mi fi há. Ìyá náà ò sọ ju "Àṣàkẹ́, pẹ̀lẹ́" lọ.

Mi ò kúrò ní ìjọ o. Ṣùgbọ́n o rántí bí Màmá ṣe máa ń gbọ́wọ́ lé mi lórí láàárọ̀ kó tó kì mí? Mo ń gbé ọwọ́ ara mi síbẹ̀ báyìí, mo ń pe Àṣàkẹ́, kí n tó kúnlẹ̀ àdúrà. Oorun ti ń wá díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí o bímọ, Màmá fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp. Ó kì àwọn Ìbejì, ó wá yíjú sí èmi tí mo di fóònù mú, ó kì mí títí ó fi ń rẹ́rìn-ín. Fóònù tèmi ti bọ́ sómi. Bá mi wá a, mo bẹ̀ ọ́. Bí o bá rí i, má fi ránṣẹ́ lọ́sàn-án. Dúró dalẹ́, nígbà tí àwọn ará ilé bá ti sùn.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́