Ẹyẹ méjì tí wọ́n gbàgbé nínú eré Kérésìmesì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ bá wa bá àwọn tó ń ṣètò eré Kérésìmesì ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń kó àwọn amòye pọ̀ mọ́ olùṣọ́-àgùntàn níbi ibùjẹ ẹran, bẹ́ẹ̀ inú ilé ni Mátíù 2:11 ní wọ́n ti bá ọmọ náà. Ìyẹn kéré o. Lúùkù 2:24 tí wọn kì í ṣe ló ń dùn wá: àdàbà méjì tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì ni ẹbọ ìwẹ̀nùmọ́ lẹ́yìn ìbímọ tí Màríà àti Jósẹ́fù lọ rú ní tẹ́ḿpìlì. Léfítíkù 12:8 ló yọ̀ǹda ìyẹn fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ọ̀dọ́ àgùntàn. Àárín tálákà ni Ọlọ́run sọ̀kalẹ̀ sí! Ẹ fi ìran náà kún un, kí ẹ sì ka Fílípì 2:6-8, níbi tó ti sọ bí Kristi ṣe rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ṣáájú orin ìkẹyìn.

Àwa olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi,
Ìbàdàn