Ẹ̀yáwó kọ́ ló yẹ ká máa fi dá ilé-iṣẹ́ àwọn ọmọ wa sílẹ̀

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé káwọn ọ̀dọ́ wa nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ yéé wáṣẹ́ ìjọba kiri, kí wọ́n lọ dá startup sílẹ̀, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tuntun tó ń wá ọ̀nà àti tètè dàgbà. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ ò sọ ibi tówó ti máa wá, ẹ kàn ní káwọn òbí ràn wọ́n lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí bá a ṣe ń ran àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́ ló ń pa ilé-iṣẹ́ wọn.

Iṣẹ́ àkáǹtì ni mò ń ṣe n'Íjẹ̀bú-Òde níbí, àwọn oníṣòwò kéékèèké ni mò ń bá ṣe ìwé wọn, mo sì ti rí i lóríṣiríṣi. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀: owó tí wọ́n máa fi dá startup sílẹ̀ ò gbọdọ̀ jẹ́ gbèsè tí wọ́n á máa san lóṣooṣù. Owó ẹni tó bá wọn pín nínú ilé-iṣẹ́ náà ló yẹ kó jẹ́, tó bá jèrè kó bá wọn jẹ ẹ́, tó bá sì kú kó gbà pé ó kú.

Àwọn ọmọkùnrin méjì kan wà tí mò ń bá ṣe ìwé. Gàrí Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń kó lọ fáwọn ilé oúnjẹ àtàwọn ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó. Wọn ò ní áàpù kankan nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, WhatsApp àti ìwé ẹ̀kọ́sásáìsì kan ni, wọ́n á lọ sí Òkè-Àjẹ́ láàárọ̀, wọ́n á ra gàrí, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tí wọ́n rà á lọ́wọ́ ẹ̀ àti ẹni tí wọ́n tà á fún, àti ohun tí oníbàárà fi bú wọn. Ohun tí wọ́n fi bú wọn yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú ìwé náà. Àwọn ọmọ yìí ti rò pé bí gàrí bá ṣe ń tètè dé Èkó ni wọ́n máa fi rọ́wọ́ mú, àṣé ìfàsẹ́yìn ọjọ́ kan méjì ò dun àwọn oníbàárà rárá, ohun tó ń bí wọn nínú ni pé gàrí ọ̀sẹ̀ tó kọjá kan dáadáa, ó gbẹ, ó kúná, tọ̀sẹ̀ yìí wá ń dùn bíi ti ibòmíì, ó tún tutù nínú àpò. Ẹni tó ń kánjú owó ò ní jẹ́ kí pákí kan tó kó tó yan án, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé kíkan yẹn ni gàrí Ìjẹ̀bú. Làwọn ọmọ bá sọ ìyẹn di iṣẹ́: kálukú àpò ní nọ́ńbà tiẹ̀, nọ́ńbà yẹn á sọ ìyá tó yan án, ìyá tí gàrí ẹ̀ ò yí padà á gba owó tó lé díẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá mọ áàpù tí wọ́n fẹ́ kọ. Ká ní áàpù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni, èyí tí ẹnikẹ́ni ò nílò ni wọn ì bá kọ (ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ ló wà nílẹ̀ yìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ n dárúkọ).

Ó wá kan owó. Wọ́n nílò ìwọ̀n tó péye, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lẹ ẹnu àpò, owó ẹni tó máa bá wọn kọ áàpù, ká má tíì sọ ti íńvátà. Wọ́n tọ ẹ̀gbọ́n bàbá ọ̀kan nínú wọn lọ, bàbá yẹn ò láhun rárá, ó lọ yáwó ní kọ́ọ̀pù ibi iṣẹ́ ẹ̀ kó gbé e fún wọn. Mo jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí èmi ni wọ́n ní kí n wá bá wọn kọ ìwé.

"Oṣù wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà?"

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká tà á fún bí ọdún kan ná."

"Ọdún kan kẹ̀? Kọ́ọ̀pù ò mọ ọdún kan o, ìparí oṣù ni wọ́n mọ̀."

Òótọ́ sì ni bàbá sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀, owó tó yẹ kí wọ́n fi ra gàrí ni wọ́n fi ń san kọ́ọ̀pù, gàrí dín kù, oníbàárà ń pè wọn ò rí i kó, nígbà tó yá ọ̀kan nínú wọn yọ́ lọ gba gbọ́mú-lé-láńtà láti fi san ti kọ́ọ̀pù. Ẹ mọ ibi tọ́rọ̀ já sí. Ìwọ̀n yẹn náà ti di títà.

Ẹ wá wo àwọn tó yọrí. Shola Akinlade àti Ezra Olubi tí wọ́n dá Paystack sílẹ̀ ní 2015, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn oníṣòwò gbowó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Babcock níbí ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ni wọ́n ti kàwé, wọn ò jìnnà sí wa. Ní 2016 Y Combinator ti Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tó ń fowó sí àwọn startup, mú wọn, iye tí Y Combinator sì ń fún ilé-iṣẹ́ nígbà yẹn ni dọ́là 120,000, wọ́n á gba ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tó máa béèrè owó lọ́wọ́ ẹ níparí oṣù. Ìparí ọdún yẹn náà ni àwọn mí-ìn tún kó dọ́là mílíọ̀nù 1.3 sí i, nígbà tó di 2018 ó di mílíọ̀nù 8, Stripe, ilé-iṣẹ́ ńlá tóun náà ń báni gbowó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ṣíwájú níbẹ̀, Stripe yẹn náà ló wá ra gbogbo ẹ̀ ní 2020, ohun tí wọ́n gbé jáde ni pé owó náà lé ní dọ́là mílíọ̀nù 200. Ẹ rí i pé díẹ̀díẹ̀ lowó náà ń wọlé, tí wọ́n bá ti fi iṣẹ́ hàn, òmíì á tún dé, kò sì sí gbèsè nínú ẹ̀.

Àwọn kan á ní ti òyìnbó nìyẹn. Rárá o. Ẹ jẹ́ ká fi ti regbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ṣe é, àwa tá à ń dáwó aṣọ Ojúde Ọba lọ́dọọdún láìjanpata, tá à ń dáwó ẹṣin, tá à ń dáwó onílù. Ká ní èèyàn 40 nínú regbérégbé kan dá 50,000 náírà, mílíọ̀nù 2 nìyẹn. Káwọn ọmọ onígàrí yẹn ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n pín sọ́nà mílíọ̀nù kan, ìpín kọ̀ọ̀kan là ń pè ní ṣíà, ọwọ́ àwọn méjèèjì ni gbogbo ẹ̀ wà. Tí wọ́n bá dá ṣíà tuntun 111,111 sí i fún regbérégbé, regbérégbé ti ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, náírà 18 ni wọ́n ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ ti fohùn sí i pé ilé-iṣẹ́ àwọn tó mílíọ̀nù 18 kí owó yín tó wọlé. Tí ẹ bá rò pé kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ ná an, ọjà náà ni. Ẹ má sì kó gbogbo owó sójú kan, ẹ pín in sí ilé-iṣẹ́ mẹ́rin márùn-ún, torí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa kú, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa.

Ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ níbẹ̀: òfin ilé-iṣẹ́ wa ò gbà kí ilé-iṣẹ́ àdáni ní ju olóṣíà 50 lọ, kò sì gbà kó máa pariwo ọjà kí gbogbo ayé wá ra ṣíà ẹ̀. Ká tiẹ̀ ní ẹ ò tó 50, ẹ má kó orúkọ èèyàn 40 sínú ìwé ilé-iṣẹ́ àwọn ọmọ náà ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ lo orúkọ kan ṣoṣo tó dúró fún gbogbo yín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí olówó ńlá bá dé, ẹnì kan tó wà ní Jámánì tí ò gbé fóònù ló máa dá gbogbo ẹ̀ dúró.

Ẹ̀yin ọmọ náà, business name, ìyẹn orúkọ òwò lásán, tẹ́ ẹ ń lọ ṣe torí pé kò wọ́n yẹn ò ní ṣíà kankan nínú. Ẹni tó bá fẹ́ fowó sí i, kí lẹ fẹ́ tà fún un? Ẹ ṣe limited, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ní ṣíà, láti ìgbà òfin ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAMA ti 2020 ẹnì kan ṣoṣo pàápàá lè dá a ṣe. Tẹ́ ẹ bá sì jẹ́ méjì, ẹ má pín ṣíà ní àádọ́ta-àádọ́ta lọ́jọ́ kìíní kẹ́ ẹ máa gbọn ọwọ́, ẹ kọ ọ́ pé ọdún mẹ́rin ni kálukú máa fi gba tiẹ̀ tán, ẹni tí ò bá tíì pé ọdún kan tó fi lọ ò mú nǹkan kan lọ. Mo mọ ẹni tí ẹnìkejì ẹ̀ jápa lọ Kánádà pẹ̀lú ìdajì ilé-iṣẹ́, tòun ń fi àárọ̀ fi alẹ́ ṣiṣẹ́ fún un títí dòní.

Mo mọ ìdí tẹ́rù fi ń ba àwọn àgbà. Àwa tá a sáré ra ṣíà báńkì kí ọjà ṣíà tó wó ní 2008, ọ̀pọ̀ wa ni ìwé ṣíà ṣì wà nínú àpótí wa tí kò ju owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ, èyí tí MMM, ètò gbájúẹ̀ tí wọ́n ní ó máa sọ owó di púpọ̀, wá ṣe wá ní December 2016 ò ṣeé sọ. Ṣùgbọ́n MMM ò tajà kankan, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ kẹ́ ẹ wo ìwé owó ẹ̀. Àwọn ọmọ yìí, ilé ìyá tó ń yan gàrí wọn ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, ẹ ní kí wọ́n mú ìwé wá lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, iye tó wọlé, iye tó jáde, oṣù mélòó lówó ọwọ́ wọn ṣì lè gbé wọn. Ẹni tó bá ní mílíọ̀nù 3 tó ń ná 400,000 lóṣù, oṣù méje àti ààbọ̀ ló kù fún un, kó tètè wí.

Ìjọba náà wà níbẹ̀. Nigeria Startup Act tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní October 2022 ní kí wọ́n máa kó ó kéré tán bílíọ̀nù 10 náírà sínú àpò fáwọn startup lọ́dọọdún, ilé-iṣẹ́ tí ò bá tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ọmọ Nàìjíríà sì ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ ló lè forúkọ sílẹ̀. Ẹ bá wa bi wọ́n léèrè lójú ìwé yín pé mélòó nínú ẹ̀ ló ti dé Ògùn.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé lẹ́tà yìí kúrú, ẹ má gé ibi tí mo ti ṣírò o, àwọn àgbà regbérégbé wa ni mo kọ ọ́ fún, wọ́n sì fẹ́ràn kí wọ́n rí iye.

Èmi ni,
Oníṣirò owó kan,
Ìjẹ̀bú-Òde.